Ohun Tí Ó Hù Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Iyùn: Ẹ Jẹ́ Kí A Wò Ó Kí A Tó Pa Á

Nínú gbogbo ohun ọ̀sìn tí ọmọ ènìyàn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó wọ ilé, láti orí ajá tí ń ṣọ́ àgbàlá títí dé orí ẹyẹlé tí í bá onílé jẹ tí í bá onílé mu, bóyá ni a lè rí èyí tí ó ń kó àyà olówó rẹ̀ sókè tó òkun kékeré tí a sé mọ́ inú gíláàsì, níbi tí iyùn alààyè ti ń tàn yanran lábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù, tí àwọn ẹja aláràbarà sì ń gba àárín wọn kọjá. Nítorí pé ẹni tí ó ń sin ajá mọ̀ dájú pé ajá ni òun ń sìn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sin iyùn yóò jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, yóò sì bá ohun kan tí kò rà, tí kò gbìn, tí kò sì mọ orúkọ rẹ̀, tí ó ti hù jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyùn tí ó fi owó gọbọi rà.

Ohun náà lè má tóbi ju ẹyọ yànmọ̀tí kan lọ. Ó lè funfun bí ọ̀rá, ó lè pọ́n bí osùn, ó lè rí róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ewé, ó sì lè na ìka tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ jáde nígbà tí ilé bá dákẹ́, kí ó sì kó wọn wọnú nígbà tí òjìji ènìyàn bá bọ́ sí ara gíláàsì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, onílé yóò ti ké gbàjarè lọ bá àwọn tí wọ́n jọ ń sin iyùn: ọ̀kan yóò ní kí ó fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, èkejì yóò ní kí ó fi ọ̀bẹ há a kúrò, ẹ̀kẹta yóò ní kí ó yọ òkúta náà jáde kí ó da omi híhó sí i, ẹ̀kẹrin yóò sì dárúkọ oògùn kan tí a ń dà sínú omi. Gbogbo wọn a máa sọ̀rọ̀ bí adájọ́ tí ó ti gbọ́ ẹjọ́ tán, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tíì béèrè ohun tí nǹkan náà ń jẹ, bóyá ó ń rìn tàbí ó dúró sójú kan, àti bóyá iyùn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì ń yọ ojú gẹ́gẹ́ bí i ti àtẹ̀yìnwá. Ohun tí ó mú mi gbé kálámù nìyí. Èrò tèmi ni pé ìkánjú ọlọ́sìn ń ba táńkì jẹ́ ju àlejò tí ó hù lọ, pé wíwò ni ó yẹ kí ó ṣáájú, kí mímọ orúkọ tẹ̀ lé e, kí májèlé sì jẹ́ ìgbẹ̀yìn pátápátá.

Iyùn kì í ṣe àjèjì sí wa. Iyùn, ọ̀ṣọ́ ọrùn ọba, ẹ̀jẹ̀ inú ibú, àrà Olókun tí kì í ṣá, èyí tí àwọn Ọba wa ń so mọ́ ọrùn àti ọrùn ọwọ́, láti inú Òkun Mẹditaréníà ni ó ti wá, tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Potogí sì kó o dé etíkun wa láti nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Egungun ni ohun tí à ń rí lọ́rùn ọba. Ẹran ara tí ó kọ́ egungun náà ti kú kí ó tó dé ọwọ́ oníṣọ̀nà. Àwọn tí wọ́n wà nínú táńkì jẹ́ ìbátan rẹ̀ láti òkun gbígbóná bí ti Indonesia àti ti Australia, nítorí pé etíkun tiwa kò ní irú àpáta iyùn bẹ́ẹ̀, ẹran ara wọn sì wà láàyè: ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ àgbájọ ẹranko kéékèèké, tí olúkúlùkù ní ẹnu, tí ó ní ikùn, tí ó ní ìka tí ó fi ń he oúnjẹ nínú omi, tí àwọn ewéko tí ojú lásán kò lè rí sì ń gbé inú awọ rẹ̀, tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ fún un.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pẹ̀lú pé iyùn fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé kò dá mọ̀ rí. Ní 1706, Marsigli, ìjòyè ará Ítálì kan, mú iyùn pupa sínú ìgò omi òkun ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ó rí ohun funfun kéékèèké tí wọ́n là lára rẹ̀, ó sì kéde pé òun ti rí òdòdó iyùn, pé igi ni iyùn láìsí àní-àní. Ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, Peyssonnel, dókítà ará Marseille, jókòó ti iyùn kan náà, ó wò ó títí tí ó fi rí i pé ohun tí à ń pè ní òdòdó yìí a máa ṣí, a máa pa dé, a sì máa sá wọlé bí ọwọ́ bá kàn án, ó sì sọ pé ẹranko ni. Réaumur, àgbà ọ̀mọ̀wé tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òfin ní Paris, sọ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi orúkọ Peyssonnel pamọ́ nítorí ó rò pé ìtìjú ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò kó bá a. Ó di ìgbà tí Trembley, olùkọ́ ọmọ kan ní The Hague, gé ẹranko kékeré inú adágún sí wẹ́wẹ́ ní àwọn ọdún 1740, tí gbogbo gígé náà sì di odindi, kí Réaumur tó yí ohùn padà. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí púpọ̀, nítorí pé Peyssonnel kò ní irinṣẹ́ kankan tí Marsigli kò ní. Ìjókòó ni ó fi jù ú lọ.

Níbo wá ni àlejò inú táńkì ti ń wá? Orí òkúta ni. Ní 1961, Lee Chin Eng, ará Jakarta, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn Tropical Fish Hobbyist, níbi tí ó ti ṣàlàyé bí òun ṣe ń sin ohun abẹ̀mí inú òkun láìlo ẹ̀rọ ńláńlá: ó kó òkúta láti inú òkun pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó wà lórí rẹ̀, ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi. Láti ìgbà náà ni àpáta alààyè ti di ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí, nítorí pé inú ihò rẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìrí ń gbé, tí wọ́n ń sọ ìgbẹ́ ẹja di ohun tí kò lè pa ẹja mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ra òkúta ti ra àwọn ayálégbé orí rẹ̀ mọ́ ọn, àwọn kan nínú wọn sì ń bẹ nínú ihò tí wọn kì í yọjú títí oṣù mẹ́fà yóò fi kọjá.

Àwọn tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọ̀ osùn tí ń tẹ́ pẹrẹsẹ lórí òkúta, ewéko òkun tí ara rẹ̀ le koko ni, ọlọ́sìn tí ó mọṣẹ́ a sì máa yọ̀ bí ó bá rí i. Ohun funfun bíńtín tí ó ká bí ìkarahun ìgbín, tí ó lẹ̀ mọ́ gíláàsì lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún, ilé aràn kékeré kan tí ń sẹ́ omi jẹ ni. Àpò funfun onírun tí ó hù sí ibi òkùnkùn, kànìnkànìn òkun ni. Ó ń fa omi wọlé, ó ń tú u jáde, ìdọ̀tí inú omi ni oúnjẹ rẹ̀, bí ó sì ti ń wá láìpè ni í lọ láìlé. Ekòló onírun tí í yọ orí jáde lóru ni ó ń jìyà jù, nítorí pé ìrísí rẹ̀ burú, irun rẹ̀ a sì máa gún ni lọ́wọ́ bí ẹ̀gún. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó rí ekòló, yóò sá. Bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni agbálẹ̀ ilé, òun ni í jẹ ẹja tí ó kú sí kọ̀rọ̀ àti oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù kí wọ́n tó ba omi jẹ́. Wọn yóò bá a lórí iyùn tí ó ti kú, wọn yóò ní òun ni ó pa á, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá agbẹ́sàréè nídìí òkú tí ó sì pè é ní apànìyàn. Òótọ́ ni pé ó ní ìbátan kan tí ń jẹ iyùn ní tòótọ́, Hermodice ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run, àfi bí a bá fi ara balẹ̀ wò wọ́n.

Wíwò náà kò sì le. Awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá tó, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì tí a fi ọ̀rá pupa bo ojú rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ohun abẹ̀mí inú òkun kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìmọ́lẹ̀ pupa, tí wọn kò sì ní í sá fún un. Kí ènìyàn jókòó lẹ́yìn tí iná táńkì bá ti kú fún wákàtí kan tàbí méjì, kí ó ya àwòrán ojú kan náà lójoojúmọ́, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ohun náà ń tóbi, bóyá ó ń pọ̀, bóyá iyùn ń fà sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ kan ti mọ̀ ju ẹni mẹ́rin tí ń dámọ̀ràn májèlé lọ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan tí ó jẹ́ ọ̀tá ní tòótọ́, kí ẹ lè rí i pé mímọ̀ kì í ṣe ojo. Aiptasia ni orúkọ rẹ̀. Ó jẹ́ ìbátan iyùn, tẹ́ẹ́rẹ́ ni ọrùn rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí tíì tí a kò bu wàrà sí, ara rẹ̀ sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí inú rẹ̀, pẹ̀lú ìka gígùn tí ó yí ẹnu rẹ̀ ká. Ibi tí òkúta bá ti sán ni ó fẹ́ràn láti hù sí, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá nawọ́ sí i, yóò ti rá wọ ihò kí ọwọ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá dé ẹ̀gbẹ́ iyùn, oró ìka rẹ̀ ni yóò fi máa ta á: apá tí ó kọjú sí i yóò kọ́kọ́ kọ̀ láti yọ ojú, awọ yóò wá máa ṣí kúrò lára egungun díẹ̀díẹ̀, títí tí àyè funfun yóò fi wà láàárín àwọn méjèèjì, àlejò yóò sì gbapò onílé. Àfòmọ́ kò lẹ́gbò, igi gbogbo ni ìbátan rẹ̀. Òkúta, ọ̀pá omi, gíláàsì, àní ẹ̀yìn ìgbín tí ń rìn, ibi gbogbo ni ilé fún Aiptasia.

Ohun tí ẹni tí ó ní kí a fi ọ̀bẹ há a kò mọ̀ ni pé gígé jẹ́ ọ̀nà ìbímọ rẹ̀. Láìsí ọ̀bẹ rárá, bí ó bá ti ń fà lọ lórí òkúta, a máa já awẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ láti ìdí ẹsẹ̀, awẹ́ tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan awẹ́ náà a sì máa di odindi láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ohun tí Trembley rí nínú ìgò rẹ̀ ní The Hague ni èyí jọ. Ẹni tí ó bá gé e sí mẹ́ta ti gba ẹ̀bí fún un, ó sì kí i kú ewu ọmọ.

Àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n kì í fi ìbínú lọ bá a. Wọn a máa po kalkwasser, ìyẹn irú ẹfun kan tí í ta, títí yóò fi ki bí ògì. Wọn a fà á sínú abẹ́rẹ́ aláìnímú tàbí èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, wọn a dá ẹ̀rọ tí ń ru omi dúró kí ohunkóhun má gbé e lọ sórí iyùn, wọn a sì sún mọ́ ọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti òkè, tí wọn kò ní í fara kan ìka rẹ̀, títí ẹfun náà yóò fi bọ́ sí ẹnu rẹ̀ gan-an. Yóò rò pé oúnjẹ ni, yóò pa ẹnu dé, ikú ti dé nìyẹn. Méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n ń pa lójúmọ́, nítorí pé ẹfun yìí a máa yí bí omi ti rí padà, bí ó bá sì pọ̀, ẹja yóò kú pẹ̀lú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ̀dá kan ń bẹ tí wọ́n ń pè ní Berghia, ìgbín òkun tí kò ní ìkarahun, tí Aiptasia nìkan jẹ́ oúnjẹ rẹ̀, tí kò sì mọ òmíràn í jẹ, débi pé ọjọ́ tí ó bá jẹ gbogbo rẹ̀ tán ni ebi yóò pa òun náà kú, àfi bí olówó rẹ̀ bá tètè gbé e fún aládùúgbò. Ẹja labalábá kan ń bẹ tí ẹnu rẹ̀ gùn bí ti ẹyẹ, Chelmon rostratus, tí ó lè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti bọ́, púpọ̀ nínú wọn ni í sì kọ oúnjẹ inú táńkì títí wọn yóò fi rù kú. Edé kan wà pẹ̀lú, Lysmata wurdemanni, onílà pupa wínníwínní, tí a sábà máa ń rà fún iṣẹ́ yìí; ibí ni mo sì ti fẹ́ kí òǹkàwé dúró díẹ̀, nítorí pé edé mìíràn wà tí ó jọ ọ́, Rhynchocinetes, tí àwọn ìlà funfun wà láàárín pupa tirẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì yọ iké, èyí tí iyùn fúnra rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ fún. A ti rí àwọn tí wọ́n ra èkejì pè ní èkíní. Ẹni tí kò mọ ọ̀tá, tí kò sì mọ alábàáṣe, ta ni yóò bá a pín ogun náà?

Kí n sọ ohun kan tí yóò ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: ohun tí à ń fi ẹfun pa nínú táńkì ilé, olówó iyebíye ni nínú ilé ìwádìí. Nítorí pé Aiptasia ń gba irú ewéko àìrí tí iyùn ń gbà sínú ara, tí ó sì ń bí sí i kíákíá nígbà tí ọ̀pọ̀ iyùn kì í yé ẹyin ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, òun ni àwọn onímọ̀ fi ń kọ́ ìdí tí iyùn fi ń di funfun tí ó sì ń kú bí òkun bá gbóná jù. Ní 2015, àwọn onímọ̀ kan, tí púpọ̀ nínú wọn wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga KAUST ní Sáúdí Arébíà, tẹ àkọsílẹ̀ gbogbo àbùdá ìran rẹ̀ jáde. Èyí kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi í sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyùn rẹ̀ o.

Ní ti oògùn tí ẹni kẹrin ní kí a dà sínú omi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Bàbà wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn tí a ṣe fún àìsàn ẹja, bàbà sì ni ikú edé, ikú ìgbín, ikú iyùn. Ẹni tí ó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò dá mi lóhùn pé kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò, pé bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà. Ní 2009, ní Blue Reef Aquarium tí ó wà ní Newquay ní ìhà ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òṣìṣẹ́ ń bá iyùn tí nǹkan ti jẹ já lóròòwúrọ̀, wọn kò sì mọ ẹni tí ń ṣe é. Wọ́n dẹ pàkúté, ohun náà ba pàkúté jẹ́. Ó di ìgbà tí wọ́n tú òkúta ibẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó bá aràn òkun kan tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, tí ó ṣeé ṣe kí ó ti wọlé ní kékeré nínú ihò òkúta. Wọ́n sọ ọ́ ní Barry, wọ́n sì fún un ní táńkì tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé wíwò ni ó mú Barry. Bí wọ́n bá ti da májèlé sí i, inú òkúta ni ìbá kú sí, tí ìbá sì jẹrà ba gbogbo omi jẹ́. Ẹ̀ka ìrókò ni òwe ní kí a pa ní kékeré, ẹni tí ó bá sì fẹ́ pa á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìrókò yàtọ̀ sí igi ọsàn.

Aràn pẹlẹbẹ tí ń jẹ iyùn Acropora jẹ́ ẹ̀rí mìíràn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọlọ́sìn ti ń bá a jà kí àwọn onímọ̀ tó fún un ní orúkọ, Amakusaplana acroporae, ní 2011, láti ara èyí tí wọ́n rí nínú táńkì. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni a tó rí i nínú òkun gan-an, ní Lizard Island ní Australia. Àwọ̀ rẹ̀ bá ti iyùn mu tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè tẹjú mọ́ ọn kí ó má rí i; àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni ojú róbótó-róbótó tí ó ti jẹ lára iyùn, àti ẹyin pupa rúsúrúsú tí ó yé sí ibi tí egungun ti hàn. Oògùn tí a ń ri iyùn bọ̀ yóò gbọn aràn náà sílẹ̀, kò ní í pa ẹyin. Ẹni tí kò wò ó dé orí ẹyin yóò dá iyùn padà sínú táńkì tayọ̀tayọ̀, ọ̀tá yóò sì tún pa nígbà tí ó bá yá.

Èyí tí ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù jù kì í sábà burẹ́wà. Ìbátan iyùn kan tí à ń pè ní zoanthid a máa tẹ́ bí ẹní lórí òkúta, olójú róbótó, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ osùn, aláwọ̀ wúrà, àwọn ènìyàn sì ń fi owó ńlá rà á nítorí ẹwà rẹ̀. Nígbà mìíràn a máa bá òkúta wá ní ọ̀fẹ́, aláwọ̀ ilẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. Àwọn kan nínú ìdílé rẹ̀, Palythoa, ní palytoxin nínú, ọ̀kan nínú àwọn oró tí ó le jù ní gbogbo òkun. Àwọn ará Hana ní erékùṣù Maui ní Hawaii mọ̀ nípa adágún kan tí ewéko ikú wà nínú rẹ̀, tí àwọn jagunjagun a máa fi pa ẹnu ọ̀kọ̀, èèwọ̀ ni ibẹ̀ sì jẹ́. Ní 1971, Moore àti Scheuer kéde pé àwọn ti yọ oró náà, ẹranko ni ó sì ti wá. Àní àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ oró náà láti ìran dé ìran, ewéko ni wọ́n pè é.

Ohun tí í sọ oró yìí di ìyọnu nínú ilé ni ohun tí ẹni kẹta dámọ̀ràn: omi híhó. Bí a bá da omi híhó sórí òkúta tí Palythoa wà, tàbí tí a fi búrọ́ọ̀ṣì há a ní gbígbẹ, oró náà lè bá ooru àti ìkùukùu gba imú wọlé. Ní 2015, CDC, ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, tẹ ìròyìn jáde nípa àwọn ará Alaska tí wọ́n ṣàìsàn nínú ilé àti nínú ṣọ́ọ̀bù láàárín 2012 sí 2014 lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ kan irú iyùn yìí. Ibà, ikọ́, ìrora ara àti adùn irin lẹ́nu wà nínú ohun tí ó ṣe wọ́n. Ní oṣù kẹta 2018, ní àgbègbè Oxfordshire, wọ́n gbé ènìyàn 10 lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí a fọ iyùn inú táńkì kan nínú ilé. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ panápaná tí ó wá gba àwọn yòókù là. Nítorí náà, abẹ́ omi ni kí a ti ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò tí ó bo ojú, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí àwọn ọmọdé àti ajá wà níta, kí ẹni tí ó ní egbò lọ́wọ́ má sì dá a láṣà.

Ó tún ku ibi tí a ń da òkú àlejò sí. Ní 1984, lábẹ́ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Òkun ti Monaco, wọ́n rí ewéko òkun kan, Caulerpa taxifolia, tí kò fẹ̀ ju ìwọ̀n mítà kan níbùú lóròó lọ, irú èyí tí wọ́n ń lò nínú táńkì nítorí ẹwà rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di 1989, ó ti gba hẹ́kítà kan. Bí a ti ń jiyàn lórí ibi tí ó ti wá, tí Alexandre Meinesz, olùkọ́ni ní Yunifásítì Nice, sì ń pariwo, ewéko náà ń gbilẹ̀, títí kò fi sí ẹni tí apá rẹ̀ ká a mọ́. Ìkánjú kọ́ ni ó fa ìyẹn, ìjáfara ni, mo sì gbà pé ìjáfara kò sàn ju ìkánjú lọ. Nígbà tí irú rẹ̀ yọjú ní California ní 2000, ọjọ́ kò pẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n da ọ̀rá bò ó, wọ́n tú kiloríìnì sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n ná ju mílíọ̀nù 7 dọ́là lọ, ó sì di 2006 kí wọ́n tó kéde pé ó ti tán.

Ní 1984 kan náà ni ewéko olódòdó àlùkò kan dé odò Badagry láti ìhà Pọ̀tọ̀nóvò, tí kì í ṣe ojú oró, tí kì í ṣe òṣíbàtà, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù tí àwọn ènìyàn ti gbé kiri ayé nítorí òdòdó rẹ̀. Àwọn apẹja Ìlàjẹ mọ ohun tí ó fi ojú ọkọ̀ wọn rí láti ìgbà náà.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ta iyùn, yálà ní Èkó, yálà ní London tàbí ní Houston níbi tí àwọn ọmọ wa ti ń rà á, ni pé kí wọ́n kọ orúkọ ohun tí wọ́n ń tà sí ara rẹ̀ pẹ̀lú ibi tí ó ti wá, kí wọ́n sì sọ fún oníbàárà bí Palythoa bá wà lórí òkúta. Lọ́wọ́ ẹni tí ń rà, mo ń béèrè táńkì kékeré kejì, níbi tí iyùn tuntun yóò wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ó tó bá àwọn ará ilé pàdé. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Omi tí a bá fi fọ òkúta, pẹ̀lú ohunkóhun tí a bá pa, inú ike tí a da bílíìṣì sí ni kí ó sùn mọ́jú, kí ó má dé odò, kí ó má dé ọ̀sà. Ẹni tí kò bá ní sùúrù èyí, ẹja omi tútù pọ̀ lọ́jà, wọn kò sì wọ́n.